Ọjọ́ Orí Owó: Bí A Ṣe Ń Múra fún Físà Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ lọ kàwé ní Ìlú Ọba ló máa ń ti ibi fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì á ti gbà wọ́n, wọ́n á ti san lára owó ilé-ìwé, wọ́n á wá máa wá ẹni tó máa bá wọn kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́ọ̀mù kọ́ niṣẹ́. Ẹni tó mọ̀wé kà tó sì ní sùúrù lè parí rẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ohun tó ń gbé físà akẹ́kọ̀ọ́ wá tàbí tó ń lé e padà ni owó, kì í sì í ṣe pípọ̀ rẹ̀ nìkan. Orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì? Ọjọ́ mélòó ni owó náà ti lò níbẹ̀? Ibo ló ti wá? Ìdílé tó bá ti tún ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣe ní oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú ti ṣe èyí tó le jù. Èyí tó bá fi í dìgbà tí fọ́ọ̀mù ti dé iwájú rẹ̀ lè ní owó rẹpẹtẹ, kí wọ́n sì tún dá ọmọ rẹ̀ dúró sílé.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni ìjọba Ìlú Ọba fi ìlànà tí wọ́n ń pè ní Student rọ́pò èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tier 4. Máàkì 70 ni ìlànà náà ń béèrè. Ààdọ́ta nínú rẹ̀ ń ti ọwọ́ yunifásítì wá nípasẹ̀ CAS. Mẹ́wàá jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́wàá tó kù jẹ́ ti owó. Kí mẹ́wàá yẹn má kéré lójú yín o. Kò sí máàkì márùn-ún fún ẹni tí owó rẹ̀ ku díẹ̀ kó pé. Bí kì í bá ti í ṣe mẹ́wàá, òdo ni, ẹni tó sì ní 60 dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí kò ní nǹkan kan. CAS fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń gbé dání. Nọ́ńbà ni, tí yunifásítì tó ní láísẹ́ǹsì Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ń fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà ni ẹ gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ṣe é lò. Inú rẹ̀ ni iye owó ilé-ìwé àti iye tí ẹ ti san wà. Bí ẹ bá ti san owó kan tí kò hàn níbẹ̀, ẹ ní kí yunifásítì tún un kọ kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, torí ohun tó wà nínú CAS ni òṣìṣẹ́ físà máa fi ṣírò.

Nǹkan kan tún ti yí padà tí ọ̀pọ̀ òbí kò tíì gbọ́. Bí wọn kò bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní físà, Home Office ń kà á mọ́ yunifásítì tó fún un ní CAS lọ́rùn. Tẹ́lẹ̀, bí àwọn tí wọ́n kọ̀ bá ti tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún, láísẹ́ǹsì ilé-ìwé náà wà nínú ewu. Nínú ìwé ètò ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun máa fa òdiwọ̀n yẹn wálẹ̀ sí 5. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí ọ́fíísì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè wọlé máa ṣe lẹ́yìn ìkéde bẹ́ẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n wá di òṣìṣẹ́ físà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní fún yín ní CAS títí tí wọ́n á fi rí àkọsílẹ̀ báǹkì ọlọ́jọ́ 28, tí wọ́n á sì fi bi yín léèrè ọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé iṣẹ́ owó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ibi tí ẹ rò pé ẹ máa bá a ní ìparí ló ti dúró sí ẹnu ọ̀nà báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò náà. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, owó oúnjẹ àti ilé gbígbé tí wọ́n ń béèrè jẹ́ £1,529 lóṣù fún ẹni tó máa kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù àti £1,171 fún ẹni tó máa kàwé níbòmíràn. £1,483 àti £1,136 ló jẹ́ ṣáájú ìyẹn. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń kà, bí ẹ̀kọ́ náà bá tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn jẹ́ £13,761 fún Lọ́ńdọ̀nù, £10,539 fún ìlú yòókù. Lórí èyí ni wọ́n máa gbé owó ilé-ìwé ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ kò tíì san lé. Ká ní owó ilé-ìwé jẹ́ £16,000, tí ẹ sì ti san £6,000 tó hàn nínú CAS, tí yunifásítì náà kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ku £10,000. Ẹ fi £10,539 kún un, ó di £20,539. Bí a bá ṣẹ́ pọ́n-ùn kan ní ₦2,000, mílíọ̀nù 41 náírà ó lé díẹ̀ nìyẹn. Owó físà kò sí nínú rẹ̀, owó ìtọ́jú ìlera kò sí nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oṣù mẹ́sàn-án yẹn dúnàá-dúrà. Àwọn kan á sọ pé ọmọ àwọn máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Peckham, kò ní sanwó ilé. Òtítọ́ lè ni, ṣùgbọ́n òfin kò ka ilé àǹtí sí owó.

Ọjọ́ 28 ló wá kàn. Gbogbo iye yẹn gbọ́dọ̀ pé sínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra, kò sì gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú wọn. Ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ náà parí sí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tí ẹ sì sanwó rẹ̀. Bí owó bá pé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ló pé ọjọ́ 28; láti ìgbà náà ẹ ní títí di ọjọ́ 29 oṣù Keje láti lo àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan fi iye tí wọ́n béèrè gẹ́lẹ́ sínú àkáǹtì, kò fi kọ́bọ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, báǹkì yọ owó àlàátì. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n yọ owó ìtọ́jú káàdì. Owó náà ti dín ní ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan, òǹkà ọjọ́ 28 sì ti já ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ tó bá dá owó náà padà ni òǹkà tuntun máa bẹ̀rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ físà tó máa sọ pé ọgọ́rùn-ún náírà kò tó nǹkan, torí ìwé ìlànà kò fún un láyè láti sọ ọ́. Ẹ fi àlékún tó nípọn sí i, kí ẹ sì má ṣe fi àkáǹtì yẹn ra káàdì ìpè, má ṣe fi san owó iná, má ṣe so ó mọ́ ohunkóhun tó ń yọ owó fúnra rẹ̀.

Àlékún yẹn ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sí pọ́n-ùn ní ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń wò ó lórí ìkànnì OANDA. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣíwọ́ dídi owó náírà mú, dọ́là kan ti nǹkan bí ₦470 gòkè kọjá ₦600 lọ́jọ́ kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí owó rẹ̀ pé ní náírà ní ọ̀sẹ̀ kan kò pé mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìpalára rẹ̀ kò tán síbi físà. Ní ọdún 2024, yunifásítì Teesside ní Middlesbrough yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan kúrò nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí Home Office, nítorí pé wọn kò rí owó ilé-ìwé san bó ṣe yẹ lẹ́yìn tí náírà wó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ìwọ́de nínú ọgbà. Ẹni tó bá lè ṣí àkáǹtì pọ́n-ùn ní báǹkì rẹ̀, kí ó ṣẹ́ owó náà kí òǹkà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kó wà ní pọ́n-ùn. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá kún iye náírà rẹ̀, ó kéré tán.

Orúkọ ló máa ń dá ìdílé Yorùbá lágara jù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń rán ọmọ nílé-ìwé kì í sábà jẹ́ ẹnì kan. Bàbá á mú tirẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, àbúrò ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági á gba àjọ rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n á yá lára owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Gbogbo rẹ̀ á pé, inú gbogbo ilé á sì dùn. Òfin físà kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò ìyá, kò mọ bàbá àgbà. Ẹni mẹ́ta ni owó tó wà lórúkọ rẹ̀ lè wúlò fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa: akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, òbí tó bí i, tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Ìjọba, yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n ní Houston lè ní mílíọ̀nù dọ́là, bí ẹ bá fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, òdo ni máàkì yín.

Ti òbí gan-an ní ìdènà tirẹ̀. Àkáǹtì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ara ẹni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ìyá tó ń ta aṣọ, tí gbogbo owó rẹ̀ wà lórúkọ ṣọ́ọ̀bù, ní láti kó o wá sí orúkọ ara rẹ̀ kí òǹkà ọjọ́ 28 tó bẹ̀rẹ̀. Owó tó wà nínú ilẹ̀, nínú ìpín ilé-iṣẹ́, nínú àjọ, nínú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi bitcoin, kò sí èyí tó wọlé níbẹ̀. Owó àdìmọ́ lè wọlé bí báǹkì bá gbà pé ẹ lè gbà á nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òbí á kọ lẹ́tà pé ọmọ òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí àti pé òun yọ̀ǹda owó náà, ẹ ó sì fi ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tó gbé orúkọ òbí náà há a. Èyí tí Àjọ Ìkànìyàn, NPC, fọwọ́ sí ni kí ẹ wá. Ìwé ìbúra kóòtù nìkan kò tó gbójú lé. Ẹni tí wọn kò fún ní ìwé nígbà tí wọ́n bí i lè gba ìwé ìfìdímúlẹ̀ ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ àjọ náà. Kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, ẹ tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì kan: pásípọ́ọ̀tù ọmọ, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀, àkọsílẹ̀ báǹkì òbí. Ẹ ka orúkọ wọn ní lẹ́tà-lẹ́tà. Mudashiru lórí ọ̀kan, Mudasiru lórí ìkejì. Ìyá ṣí àkáǹtì lórúkọ bàbá rẹ̀ kó tó lọ sílé ọkọ, orúkọ ọkọ ló sì wà lórí ìwé ọmọ. Láàárín àwa, a mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹni tó jókòó ní Sheffield tàbí ibòmíràn tó ń wo ìwé yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò mọ̀.

Àwọn kan á ní òfin yìí kò bá ìṣe wa mu, pé owó mọ̀lẹ́bí ni owó ọmọ, àti pé kò sí irọ́ nínú kí ẹ̀gbọ́n sanwó fún àbúrò rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ sanwó. Ohun tó ń sọ ni pé kí owó náà ti di ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti òbí kí wọ́n tó wò ó. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ fúnni, kí ó fúnni ní kùtùkùtù. Kí ó fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì rẹ̀ tààrà sí àkáǹtì ẹni tó ń lọ, kì í ṣe kí ó fún ẹnì kan lówó ní ọwọ́ kó lọ bá wọn san án ní báǹkì. Kí ó kọ lẹ́tà kúkúrú pé ẹ̀bùn ni, òun kò ní gbà á padà, kí ó sì so àkọsílẹ̀ báǹkì tirẹ̀ mọ́ ọn láti fi hàn pé owó náà ti wà lọ́wọ́ òun. Ẹni tó gba àjọ lè gba ìwé lọ́dọ̀ olórí àjọ, ṣùgbọ́n èyí tó sàn jù ni kí ó gba àjọ náà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí owó náà jókòó. Mílíọ̀nù ogójì tó já wọ inú àkáǹtì tí kò rí ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i máa fa ìbéèrè, kódà bí ó bá lo ọjọ́ 28. Èyí tó wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún, tí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ hàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń dáhùn fúnra rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ń yáni ní owó ìfihàn. POF ni wọ́n ń pè é nígboro. Wọ́n á gbé owó sínú àkáǹtì yín, wọ́n á ní kí báǹkì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ má lè fọwọ́ kàn án, wọ́n á gba èlé wọn ṣáájú, nígbà tó bá yá wọ́n á kó owó wọn lọ. Wọ́n á sọ fún yín pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, pé lágbájá ṣe é, ó sì ti wà ní Manchester. Kò sí àní-àní pé àwọn kan ti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá ń pariwo. Ẹni tí wọ́n mú níbẹ̀ ń dákẹ́, ìyẹn ló fi dà bíi pé kì í mú ẹnikẹ́ni. Ìlànà sọ pé owó náà gbọ́dọ̀ wà ní ìkáwọ́ yín kí ẹ lè ná an. Owó tí ẹlòmíràn tì pa kò sí ní ìkáwọ́ yín. Ẹ̀yáwó tí wọ́n sì ń gbà kò ju èyí tó wá láti ọwọ́ ìjọba tàbí láti ibi ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin mọ̀ sí. Bí òṣìṣẹ́ físà bá kọ̀wé sí báǹkì, ohun tí báǹkì bá sọ ni òun máa gbà. Bí wọ́n bá pinnu pé ẹ fẹ́ tan àwọn jẹ, kì í ṣe físà yìí nìkan ló lọ. Ìfòfindè ọdún mẹ́wàá ló tẹ̀ lé e, Ìlú Ọba sì ní àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti New Zealand láti máa fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ han ara wọn.

Ká tilẹ̀ ní wọn kò mú yín. Ẹ ti dé ibẹ̀, owó náà sì ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ onídígírì láyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Kò gbà á láyè láti dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀, títí kan gbígbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ orí fóònù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó iṣẹ́ tó kéré jù fún ẹni ọdún 21 sókè di £12.21 ní wákàtí kan. Ní wákàtí 20, £244 ó lé díẹ̀ ni lọ́sẹ̀, bíi £1,058 lóṣù, bí iṣẹ́ kò bá dá rárá. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ £1,171 tí Home Office ní èèyàn nílò lóṣù. Kò tó oúnjẹ àti ilé, áńbọ̀sìbọ́sí £10,000 owó ilé-ìwé tó ṣẹ́ kù. Ẹni tí kò bá san owó ilé-ìwé, yunifásítì á yọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀, Home Office á sì gé físà rẹ̀ kúrú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìbéèrè owó yìí, bó ti wù kó bíni nínú tó, ń béèrè ohun tó yẹ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ nílé.

Àwọn mìíràn á sọ pé ojú tí òyìnbó fi ń wo ọmọ Nàìjíríà ni ìṣòro, pé kò sí ìwé tó lè tó. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ju bí àwọn ajẹ́ńtì ti máa ń gbà lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ọmọ wọn kò ní láti fi ìwé owó há fọ́ọ̀mù àyàfi tí wọ́n bá dìídì béèrè. Botswana àti Mauritius wà níbẹ̀, Brazil náà wà níbẹ̀, Nàìjíríà kò sí. Bákan náà ni Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni a fi ń ṣe WAEC láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìyàsọ́tọ̀ ni, kò sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe: ìwé ló ń béèrè sí i lọ́wọ́ wa, kò yí iye owó padà, kò sì yí ọjọ́ 28 padà. Ibi tí ojú òṣìṣẹ́ ti lè ṣiṣẹ́ gan-an ni ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ. Bí owó yín bá mọ́, ẹ ti mú ìdí tó rọrùn jù láti kọ̀ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì tún ń padà sórí owó náà ni. Wọ́n á béèrè ìdí tí ẹ fi mú ẹ̀kọ́ yìí, ìdí tó fi jẹ́ yunifásítì yìí, iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ fi ṣe, ibo ni ẹ máa gbé, ta ló ń sanwó, iṣẹ́ wo lẹni náà ń ṣe. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi owó ìfẹ̀yìntì àti owó ilẹ̀ tó tà ní Ìjẹ̀bú sanwó fún lè sọ bẹ́ẹ̀ láìwo ìwé. Ẹni tó yá owó lọ́wọ́ àjèjì ní láti há ìtàn sórí, ìtàn àhásórí kì í pẹ́ fì. Nípa ẹ̀kọ́, ẹ mọ orúkọ kọ́ọ̀sì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ máa ṣe, kí ẹ sì lè sọ ìdí tí ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta fi fẹ́ lọ kọ́ ìtọ́jú dátà báyìí. Ìdí gidi wà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ ló nílò rẹ̀; ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu ara yín, ajẹ́ńtì kò sí níbẹ̀.

Nípa ajẹ́ńtì, gbólóhùn díẹ̀ tó. Èyí tó ní àdéhùn pẹ̀lú yunifásítì, yunifásítì ló ń sanwó fún un nígbà tí ẹ bá wọlé. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó tún gba mílíọ̀nù lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù, nítorí náà irọ́ tó bá kọ síbẹ̀, tiyín ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kó fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí fọ́ọ̀mù náà.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà tó máa lo ju oṣù mẹ́fà lọ ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife ní ilé-ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí. Àjọ IOM, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri lágbàáyé, ń ṣe é ní Èkó àti Àbújá, oṣù mẹ́fà sì ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń lò. Fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gba èsì WAEC tó bá dára. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ sanwó ìdánwò. Owó físà di £524 ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Owó ìlera jẹ́ £776 lọ́dún, ẹ̀kọ́ másítà ọlọ́dún kan sì máa ń gba £1,164 nítorí oṣù tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń lọ ka másítà onílẹ́kíṣọ̀ kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání. Àwọn oníwádìí ìjìnlẹ̀ àti àwọn tí ìjọba fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló kù tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Físà tí wọ́n máa ń fúnni láti wáṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tó jẹ́ ọdún méjì, máa di oṣù 18 fún ẹni tó bá kọ̀wé béèrè rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2027, àyàfi àwọn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó ń ṣírò pé òun máa fi ọdún méjì san gbèsè, kí ó tún un ṣírò.

Bí wọ́n bá kọ̀ yín, wọ́n á dá owó ìlera padà, wọn ò ní dá owó físà padà. Ẹ ní ọjọ́ 28 láti béèrè pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, £80 ni. Ẹ ṣe é bí òṣìṣẹ́ bá ṣi ìwé yín kà. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni owó náà kò pé, ẹ má fi £80 ṣòfò. Ẹ wá CAS tuntun, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ òǹkà tuntun.

Fún ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, kí owó ti pé sínú àkáǹtì ní oṣù Karùn-ún. Bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ tí apá kan nínú owó náà ṣì wà lọ́wọ́ olórí àjọ, ẹ má sáré lọ bá àwọn oní-POF. Ẹ kọ̀wé sí yunifásítì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an pé kí wọ́n sún ẹ̀kọ́ yín sí oṣù Kìíní. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù Kìíní, wọ́n sì mọ̀ pé sísún ọjọ́ síwájú kò ní kà mọ́ àwọn lọ́rùn bí físà tí wọ́n kọ̀.